Orúkọ Tí Oníṣòwò Ọnà Kò Béèrè

Ẹni tó ń ta iṣẹ́ ọnà kì í ta igi tàbí aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà nìkan. Ó ń ta ìtàn pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti ìdí tí owó rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí òǹtajà bá sọ lónìí ni wọ́n máa ń kọ sára ògiri mùsíọ́mù lọ́la. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá yẹ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò yìí wò dáadáa.

Ẹni tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Paul Guillaume, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Wọ́n bí i ní ọdún 1891, ó sì kú ní 1934. Ní ọdún 1914 ló ṣí ilé ìtajà tirẹ̀ ní Paris. Oríṣi ọjà méjì ló kó síbẹ̀. Èkíní ni àwòrán àwọn ayàwòrán tó wà láàyè nígbà náà, bíi Modigliani àti Derain. Èkejì ni ère láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1917, ó tẹ ìwé kan tó kún fún fọ́tò àwọn ère wọ̀nyí jáde. Ní 1926, òun àti Thomas Munro jọ gbé ìwé mìíràn jáde lórí wọn. Albert Barnes, olówó kan ní Amẹ́ríkà, ra ère púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wà ní Philadelphia títí di òní.

Kí a má ṣe fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ka ère Áfíríkà sí ohun ìrántí ìrìn àjò lásán, Guillaume ní iṣẹ́ ọnà gidi ni wọ́n, ó sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Modigliani. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa oríṣi ọjà méjèèjì. Tó bá jẹ́ ti àwòrán, orúkọ ayàwòrán ló máa ń ṣáájú, torí orúkọ ló ń fa owó. Tó bá kan ère, kò sí orúkọ. Orúkọ ẹ̀yà àti ọjọ́ orí ló rọ́pò rẹ̀. Guillaume sì fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ní ọjọ́ orí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìsí ẹ̀rí. Gbogbo wa la mọ ohun tí ikán àti òjò ń fi igi ṣe ní ilẹ̀ wa. Ère onígi tó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni pé ayé àwọn agbẹ́gilére ńlá ti kọjá, pé àwọn tó kù láàyè kò tó nǹkan mọ́. Òǹtajà pín ọnà sí méjì: tiwọn ni ti òde òní, tiwa ni ti àtijọ́.

Ibí yìí gan-an ni ìtàn ti já irọ́ náà. Nígbà tí Guillaume ń ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní Paris, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ wà láàyè, ó ń gbẹ́gi ní Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1873, kó tó lọ máa gbé ní Ìsẹ̀, níbi tó ti ṣiṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Art Institute of Chicago báyìí: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga ju ọba lọ. Ó tún gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà kan náà, ó sì gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá kí ọba sára rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, ṣé ẹni àtijọ́ ni? Modigliani kú ní 1920. Ọlọ́wẹ̀ wà láyé títí di 1938.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ kò bá a dé ibẹ̀. Ọdún 1998 ni mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington tó ṣe ìpàtẹ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tó kú.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní February 2018. Wọ́n gbé àwòrán Ben Enwonwu tó ń jẹ́ "Tutu" sí gbàǹjo ní Bonhams, Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀ ló wà nínú àwòrán náà. Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ́n-ùn, ìyẹn £300,000, ni iye tó ga jù tí wọ́n fojú bù, ṣùgbọ́n ó kọjá £1.2 mílíọ̀nù. Wọ́n mọ ayàwòrán, wọ́n mọ ọdún tó yà á, wọ́n mọ orúkọ ọmọ náà. Orúkọ wà nínú owó yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Enwonwu àti ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére wa kì í ṣe ti ọgbọ́n ọwọ́. Ti ẹni tí wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ ni.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn baba wa ni kò kọ orúkọ sára iṣẹ́. Òótọ́ ni pé wọn kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kì í. Ní 1988, John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ. Oríkì yẹn sọ irú ẹni tó jẹ́, ó sì dárúkọ àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́. Ohun tí òǹtajà ń pè ní "a kò mọ ẹni tó ṣe é" ti wà lẹ́nu opó kan láti ọdún yìí wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014 pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Yorùbá, tí kò mọ oríkì, kò lè ka ọnà Yorùbá dé ìdí.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ yíyàwòrán lọ. A kò lówó tí a ó fi ra òpó Ìkẹ́rẹ́ padà ní Chicago. Ṣùgbọ́n àwa la gbọ́ èdè tí orúkọ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ lọ sí agboolé àwọn agbẹ́gilére ní Èkìtì àti Ìgbómìnà, kí ẹ gba oríkì wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé tó ṣì ń kì wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń gbé ìlú òyìnbó, tí ẹ bá dé mùsíọ́mù tí ẹ rí ère Yorùbá tí kò lórúkọ, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ní ó ti wá sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òǹtajà kò sì ní bá wa béèrè.