Ìrìn Ọjọ́ Kan: Àkókò, Ọ̀nà àti Pátákó

Ní Adó-Àwáyè, àlejò tí ó bá fẹ́ gun òkè lọ wo adágún Ìyáké yóò gbọ́ pé àtẹ̀gùn 369 ni ó wà níwájú òun. Òdiwọ̀n tí ẹsẹ̀ mọ̀ ni èyí, irú rẹ̀ sì ti pẹ́ nínú àṣà Yorùbá.

Kí òyìnbó tó gbé máìlì dé, àkókò ni àwọn baba ńlá fi ń díwọ̀n ọ̀nà. Ìlú kan lè jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan sí èkejì. Òmíràn, ẹni tí ó bá jí rìn ní àkùkọ ìdájí yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n tún mọ bí àmì ti í sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí ó pàtẹ ọjà sílẹ̀ láìdúró tì í yóò kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye òkúta ni iye owó. Kò sí ẹni tí ó nílò ògbufọ̀.

Máìlì, lẹ́yìn náà kìlómítà, wá gba ipò àkókò lórí pátákó. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 kìlómítà tí ó ya Adó-Àwáyè sí Ìsẹ́yìn kì í yí padà, nígbà tí àkókò tí ọkọ̀ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́.

Ọkọ̀ tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awakọ̀ tí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ka pátákó ti rin nǹkan bí mítà 89 kí ojú rẹ̀ tó padà sọ́nà. Nítorí irú ewu yìí ni Jock Kinneir àti Margaret Calvert, tí wọ́n ṣètò pátákó ọ̀nà márosẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1958, fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú, tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ ìyókù, kí ìrísí orúkọ náà lè hàn láti òkèèrè.

Ní 2004, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rọ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí pátákó oníná ojú pópó máa sọ iye ìṣẹ́jú tí ìrìn yóò gbà. Orúkọ ibì kan àti iye ìṣẹ́jú kan ti tó. Bí àgbà Yorùbá bá rí i, kò ní ṣàjèjì sí i: ìrìn ọjọ́ kan ni ó padà dé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni òtítọ́. Pátákó tí ó bá purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, awakọ̀ kò ní gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọlọ́jà ẹ̀bá ọ̀nà mọ èyí: ọjọ́ tí iye ọjà bá yí padà, ọjọ́ náà ni ó ń yí òkúta rẹ̀ padà.