Ta Ló Gbaṣẹ́ Dagenham?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Barking àti Dagenham, níhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè ti gbọ́ ọ rí pé àwọn àlejò ló gbaṣẹ́ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọdún 1931 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Ford tó wà létí odò Thames ní Dagenham. Nígbà tó fi di ọdún 1953, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 40,000. Bàbá ń ṣe é, ọmọ ń ṣe é. Ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ àga ọkọ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1968 nítorí owó iṣẹ́ wọn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1970 pé kí owó iṣẹ́ ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba.

Àmọ́ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ford kéde pé àwọn ò ní to ọkọ̀ ní Dagenham mọ́, torí pé ilé-iṣẹ́ àwọn ní Yúróòpù pọ̀ ju ọjà tí wọ́n ń rí tà lọ. Lóṣù Kejì ọdún 2002, Fiesta tó gbẹ̀yìn jáde. Wọ́n ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ìyẹn ò lè gba èrò bíi tàtijọ́.

Ẹ wá wo ọdún wọn dáadáa. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2001, nínú èèyàn 100 níbẹ̀, ó lé ní 80 tó jẹ́ òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Britain. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn wa tó di èrò níbẹ̀. Ilé tí kò wọ́n ló fà wọ́n. Síbẹ̀, lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ òṣèlú BNP, tó ń di ẹ̀bi ru àlejò, wọlé sí ipò 12 ní káńsù. Lọ́dún 2010, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ìbànújẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́ o. Ẹni tí iṣẹ́ ìdílé bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ó yẹ kó bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bínú sí kọ́ ló gbà á. Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá lọ kí ẹbí níbẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ford, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá.