Ìyá Àjàyí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ìlú Ìlọrin níbí, ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, mo na ọmọkùnrin kan ní pàṣán mẹ́ta nítorí pé ó ń sùn ní kíláàsì. Kò sọkún, kò sì wí àwíjàre. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tí a wà ní ìsinmi, àti pé láti ìgbà náà oorun kì í kun ojú rẹ̀ lóru. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí ni n kò ti lè ka ìtàn Élì kí ara mi ó balẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn náà. Hánà kò rí ọmọ bí, orogún rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀sín. Ó lọ sí ilé Olúwa ní Ṣílò, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì wò ó títí, ó sì rò pé ọtí ni ó pa á. Bẹ́ẹ̀ ni Élì kì í ṣe ìkà ènìyàn, nítorí pé nígbà tí obìnrin náà ṣí ọkàn rẹ̀ payá fún un, ó súre fún un. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dájọ́ kí ó tó béèrè. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Hánà mìíràn wà ní ilẹ̀ wa. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìsẹ́yìn. Àwọn tí ó kó o ni àwọn Ọ̀yọ́ tí í ṣe Mùsùlùmí, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Irú àwọn ọmọ-ogun tí ó kó ara wọn jọ sí Ìlọrin nígbà tí Àfọ̀njá kọ̀yìn sí Aláàfin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí nàka sí ẹ̀sìn kan o. Àwọn tí ó ń dúró ní èbúté láti ra ẹrú náà, Kristẹni ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n mú obìnrin kan tí a ń pè ní Afala, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì àti ọmọkùnrin rẹ̀ Àjàyí, tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ ẹni mẹ́ta ni Àjàyí bọ́ sí. A tilẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n tà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pátápátá.

Obìnrin oníṣòwò kan rà á. Kò rorò sí i. Ó jẹ́ kí ó máa bá ọmọ tirẹ̀ rìn kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjàyí gbọ́ pé wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Pópó, níbi tí àwọn Pọtogí ti ń ra ènìyàn, oúnjẹ kò lọ ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àìsàn sì dé. Ní òru púpọ̀ ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, àyà rẹ̀ kò sì gbà á. Ta ni ó mọ̀ nínú ilé náà? Ojú olówó rẹ̀ lè rí i pé ọmọ náà kò jẹun. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lóru kò hàn sí i. Kò pẹ́, ó tún un tà. Àjàyí fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà ní 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́ ní Sàró. (Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wọ ọkàn ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó má ṣe dá a gbé. Kí ó tọ àgbà kan lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.)

Ẹ mọ ìyókù ìrìn-àjò rẹ̀: bí ọkọ̀-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á lójú òkun ní April 1822, bí a ti batisí rẹ̀ ní 1825 tí a fi orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan pè é ní Samuel Crowther, àti bí ó ti gba oyè àlùfáà ní 1843. Ìyá ńkọ́? Àwọn baba wa a máa wí pé kí ọmọ ẹni kú sàn ju kí ó nù lọ. Ọmọ tí ó kú, a mọ ibojì rẹ̀. Ọmọ tí a tà, ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí ì bá kọjú sí láti sọkún. Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Afala fi gbé ẹrù yìí, ẹni tí ó bá sì pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò kí i, yóò kọjá.

Ní ọjọ́ 21 oṣù August, 1846, wọ́n mú un wá sí ọ̀dọ̀ àlùfáà náà ní Abẹ́òkúta. Ara rẹ̀ gbọ̀n; kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Ọkùnrin yìí ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì ti wàásù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò wá. Èmi fẹ́ràn ibi yìí ju gbogbo ìtàn ayé rẹ̀ lọ, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọjọ́ tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 pàápàá. Ní February 1848 a batisí ìyá náà. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Hánà.

Ní 1872, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wá sí Ìlọrin yìí, ó jókòó ní ààfin ọba, ó sì ń fi Bíbélì Yorùbá dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ń bi í. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà náà. Ó di 1883 kí ó tó kú.

Ní ti ọmọkùnrin tí mo nà, mo lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé-ìwé, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Mo jókòó tì í lórí gbòǹgbò igi náà títí agogo fi lù.