Òjìji Ihò Dúdú

Ní ọ̀sán gangan, òjìji ènìyàn a kúrú. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a gùn ju olúwa rẹ̀ lọ. Ènìyàn kan náà sì ni. Ọ̀rọ̀ òjìji ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n òjìji ohun tí ojú kò lè rí ni.

Ní 1783, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Michell, rò ó pé ìràwọ̀ lè tóbi débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pàápàá kò ní lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1915, Albert Einstein ṣàlàyé pé ohun tí ó wúwo a máa tẹ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán dòru ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 1919, Arthur Eddington lọ wọ̀n ọ́n ní Príncipe, erékùṣù kan ní etíkun Áfíríkà wa. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tẹ̀ lóòótọ́.

Ohun tí ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ihò dúdú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sún mọ́ ọn jù kò ní padà. Èyí tí ó jìnnà díẹ̀ a ta kọ́rọ́, a sì bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ń wò ó yóò rí òkùnkùn róbótó láàrin òrùka iná. Òkùnkùn yẹn ni òjìji rẹ̀.

Ní 1973, James Bardeen ará Amẹ́ríkà fi ìṣirò hàn pé bí ihò náà bá ń yí bí òkòtó, òjìji rẹ̀ a wọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá a yí lọ lè sún mọ́ ọn ju èyí tí ó dojú kọ yíyí náà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan òjìji a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wò ó láti òkè orí rẹ̀ yóò rí i ní róbótó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1979, Jean-Pierre Luminet ará Faransé fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí yóò ti rí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àmì yíǹkì títí ó fi di àwòrán.

Ní oṣù kẹrin 2017, a so ẹ̀rọ mẹ́jọ tí ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run pọ̀, láti Spéìn títí dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Bí òjìji náà bá wọ́ ju bí ìṣirò ti wí lọ, ìmọ̀ Einstein wọ gàù nìyẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, 2019, àwòrán jáde: ihò dúdú inú M87, tí ó wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 6.5, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti rin ọdún mílíọ̀nù 55 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òrùka iná yí òkùnkùn ká, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó. Ní 2022, a rí ti àárín agbo ìràwọ̀ tiwa náà.

Ohun tí ó fi ara pa mọ́ kò lè fi òjìji rẹ̀ pa mọ́.