Kókó Inú Duodenum: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Tí Dókítà Méjì Pawọ́ Pọ̀ Ṣe

Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí oúnjẹ ń gbà jáde kúrò nínú àpòlúkù, ni àwọn dókítà ń pè ní duodenum. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Ẹ̀yìn ikùn lọ́hùn-ún ló fara tì, ó tẹ̀ yí orí páńkíríásì ká, inú rẹ̀ sì ni omi òróòro láti ẹ̀dọ̀ àti omi páńkíríásì ń ṣàn sí gba ojú ihò kékeré kan. Kókó kì í sábà yọ níbẹ̀ tó bó ṣe ń yọ nínú ìfun ńlá, ṣùgbọ́n bó bá yọ, apá kì í tètè ká a. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí kókó bá tóbi díẹ̀, àfi kí wọ́n la ikùn gbàràgàdà, tàbí kí wọ́n máa ṣọ́ ọ kí wọ́n sì máa gbàdúrà pé kó má di jẹjẹrẹ. Ọ̀nà mìíràn ti là báyìí. Lójú tèmi, àjọṣe àwọn dókítà ló là á ju irinṣẹ́ lọ.

Lọ́dún 1898, William Halsted la duodenum aláìsàn kan ní Baltimore, ó sì gé kókó tó wà ní ojú ihò òróòro kúrò. Ní 1909, Walther Kausch ní Berlin gbìyànjú èyí tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó pín in sí ìgbà méjì kí ara aláìsàn lè gbà á. Allen Whipple ní New York ló wá sọ irú iṣẹ́ abẹ yìí di mímọ̀ kárí ayé nígbà tó tẹ̀wé lórí rẹ̀ ní 1935, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Iṣẹ́ abẹ Whipple kì í ṣe kékeré. Wọn á gé orí páńkíríásì, gbogbo duodenum, àpò òróòro àti apá kan ọ̀nà òróòro kúrò, nígbà mìíràn pẹ̀lú díẹ̀ lára àpòlúkù. Lẹ́yìn náà ni wọn á wá so páńkíríásì, ọ̀nà òróòro àti àpòlúkù mọ́ ìfun lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí di àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń kú lẹ́yìn rẹ̀. Lóde òní, ní àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe é dáadáa, àwọn tó ń kú kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, ẹni tí kókó rẹ̀ kò tíì di jẹjẹrẹ, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ìyà tí kò tọ́ sí i ni irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún un.

Ẹnì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland. Ní 1903 ló ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè tú duodenum kúrò lára ẹ̀yìn ikùn tó lẹ̀ mọ́, kó sì yí i wá síwájú láìba iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tí ì bá rí ẹ̀yìn duodenum, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó rán ibẹ̀.

Kámẹ́rà dé ní tirẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì gbà dé. Ní 1957, ní Yunifásítì Michigan, Basil Hirschowitz fi okùn gíláàsì tín-ín-rín ṣe ọ̀pá tó ṣeé tẹ̀, ó sì gbé e mì fúnra rẹ̀ kó tó kì í bọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn. Èyí ni endoscope tí à ń tì gba ẹnu wọ inú. Laparoscope ní tirẹ̀ ń gba ihò kékeré lára ikùn wọlé: Hans Christian Jacobaeus ti fi wo inú ikùn èèyàn ní Stockholm láti 1910. Kurt Semm fi yọ apẹ́ńdíìsì ní Kiel ní 1980, Erich Mühe sì fi yọ àpò òróòro ní 1985, ní Jámánì kan náà. Àwọn tó ń lo endoscope ń wo ìfun láti inú, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wò ó láti òde. Yàrá wọn yàtọ̀, ìpàdé wọn yàtọ̀, aláìsàn kan náà ni wọ́n sì ń tọ́jú.

Jàpáàn ni wọ́n ti pàdé. Jẹjẹrẹ àpòlúkù pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn dókítà wọn di ọ̀gá nínú lílo endoscope. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n gbé ọ̀nà tí à ń pè ní ESD jáde. Dókítà á fa omi sí abẹ́ awọ inú lọ́hùn-ún títí kókó náà á fi gbéra sókè bí ìléròrò, á wá fi ọ̀bẹ oníná gé etí rẹ̀ yípo, á sì bó o kúrò lódindi. Nínú àpòlúkù, iṣẹ́ náà yọrí. Nínú duodenum, wàhálà dé. Iṣan ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀, ibi tó ti tẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pá dúró sójú kan, omi tí wọ́n bá sì fà sí abẹ́ awọ kì í pẹ́ lọ. Èyí tó burú jù lọ ni pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, omi òróòro àti omi páńkíríásì, tí Ọlọ́run dá láti máa da oúnjẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í da ojú egbò náà. Aláìsàn tí ara rẹ̀ balẹ̀ lónìí lè jí lọ́la pẹ̀lú inú rírun, kí ìfun rẹ̀ ti lu. Nínú ìròyìn mélòó kan láti Jàpáàn, àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí tàbí tí ìfun wọn lu lórí tábìlì lé ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní 2008, Naoki Hiki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tó wà ní Ariake, Tokyo, tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ tí wọ́n pè ní LECS. Kókó abẹ́ awọ àpòlúkù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó wà lóde kì í rí ibi tí kókó náà parí sí, ó kàn ń gé èyí tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Hiki ní kí ẹni tó ń lo endoscope fi ọ̀bẹ sàmì yí kókó náà ká láti inú, kí oníṣẹ́ abẹ wá tẹ̀ lé àmì náà láti òde. Ní 2010, Sakon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ jáde lórí duodenum.

Ṣùgbọ́n duodenum kì í ṣe àpòlúkù. Bí wọ́n bá gé e lu, omi inú rẹ̀ lè tú sínú ikùn, àti kòkòrò àrùn àti ara kókó náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ fún ojú rẹ̀ pa, ọ̀nà oúnjẹ lè há. Ní 2015, Irino àti ikọ̀ Hiki ṣàlàyé ètò tó bá a mu. Wọ́n kun aláìsàn lóorun, oníṣẹ́ abẹ lu ihò kéékèèké sára ikùn, ó sì fi ọ̀nà Kocher tú duodenum sílẹ̀. Ó fún ìfun tó tẹ̀ lé e pa kí afẹ́fẹ́ tí endoscope ń fẹ́ má bàa wú gbogbo ikùn. Ẹnì kejì wá ti endoscope gba ẹnu wọlé, iná orí rẹ̀ ń tàn gba ara ìfun jáde, oníṣẹ́ abẹ sì ń rí ìmọ́lẹ̀ náà ní òde. ESD bẹ̀rẹ̀. Bí kókó bá ti bó, wọ́n fà á gba ẹnu jáde, kò kan inú ikùn rárá. Lójú ẹsẹ̀, oníṣẹ́ abẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán iṣan ìfun láti òde, gẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìn ojú egbò, kó lè nípọn kí omi òróòro tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nínú á tún wò ó bóyá ọ̀nà kò há, bóyá kò sì jò.

Rírán yẹn ni mo kà sí ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ewu tó ń pa aláìsàn lẹ́yìn ESD ló kọjú sí.

Ètò ìlera ìjọba Jàpáàn bẹ̀rẹ̀ sí í san owó LECS fún àpòlúkù ní 2014, ó sì fi ti duodenum kún un ní oṣù kẹrin 2020. Ní 2021, Nunobe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ aláìsàn tó lé ní 200 jọ láti ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Jàpáàn, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú kókó náà ni wọ́n yọ tán pátápátá, àti pé wàhálà ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò wọ́pọ̀. Àwọn tí ìdílé wọn ní àìsàn tó ń mú kí kókó máa yọ káàkiri ìfun lè jàǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí duodenum wọn kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ kókó kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ìfun ńlá wọn kúrò.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni LECS wà fún. Èyí tó bá wà ní ojú ihò òróòro gan-an kò ṣeé ṣe lọ́nà yìí, nítorí rírán náà lè dí ọ̀nà omi. Àwọn ọ̀jáfáfá méjì sì gbọ́dọ̀ wà nínú tíátà kan ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ tiwọn àti nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ méjèèjì, èyí tí kì í rọrùn fún ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bí jẹjẹrẹ bá sì ti wọ inú iṣan ìfun, iṣẹ́ abẹ tí Whipple gbé kalẹ̀ ṣì ni wọ́n ń ṣe.