Ọ̀nà Tí Ìbò Ọ̀tà Gbà Dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà

Ẹni tó bá wọ dáńfó ní Sàńgó-Ọ̀tà lọ sí Agége, ààlà méjì ló kọjá. Ó kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bọ́ sí Èkó. Ó sì kúrò lábẹ́ sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Ògùn bọ́ sábẹ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn Èkó. Gbogbo wa la mọ ààlà àkọ́kọ́. Ìkejì náà ní ìtàn tirẹ̀.

Ọdún 1960 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Kí ló fà á? Nínú ìjókòó 312 tí wọ́n dìbò sí fún Ilé Aṣojúṣòfin ní 1959, Àríwá ní 174, Ìlà Oòrùn 73, Ìwọ̀ Oòrùn 62, Èkó 3. Àríwá nìkan ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, wọ́n ṣe ilé àgbà ní ọgbọọgba: 12 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, 4 fún Èkó, 4 tí ìjọba àpapọ̀ yàn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 44. Nígbà tí wọ́n dá Àárín-Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀ ní 1963, ó di 56.

Ṣùgbọ́n ará Ọ̀tà kankan ò dìbò yan sẹ́nétọ̀ nígbà náà o. Gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn ló ń dárúkọ wọn, àwọn aṣòfin tó wà n'Íbàdàn ló ń fọwọ́ sí i. Báyẹn ni Olóyè Wúràọlá Ẹ̀san ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nílé náà.

Àwọn ológun tì í pa ní 1966. Nígbà tó tún ṣí ní 1979, wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ (1976), òfin sì ti yí padà: sẹ́nétọ̀ 5 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 19, àpapọ̀ 95, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló dìbò yàn wọ́n. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ tí òfin yìí jáde lọ́wọ́ rẹ̀ gbéjọba sílẹ̀, ó sì wá dáko sí Ọ̀tà níbí.

Lábẹ́ òfin 1999, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 3, Abùjá ní 1, ìyẹn 109. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Ògùn: Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpókíá, Yewa Gúúsù, Yewa Àríwá àti Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ yàn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Ọlábímtán ni, ẹni tó kọ *Kékeré Ẹkùn*. Òǹkọ̀wé Yorùbá ló ṣojú wa láti 1999 di 2003.

Ibi tọ́rọ̀ wá kù sí rèé. Láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, òfin ò wo iye èèyàn. Kékeré àti ńlá, 3-3 ni. Ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀ kan, òfin ní kí iye èèyàn ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí àjọ INEC sì máa tún ìlà náà yẹ̀ wò. Iye èèyàn wo ni wọn yóò lò? Ọdún 2006 ni wọ́n ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Gbogbo ẹni tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gbé wá sí Ọ̀tà látìgbà náà, àti ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, kò sí nínú ìwé náà.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀tà táwọn tó fa ìlà yìí wò kọ́ la ń gbé lónìí. Nígbà tí wọ́n bá padà wá kà wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa nílé.