Èérún Ike Nínú Erùpẹ̀ Ìsàlẹ̀ Odò: Láti Gọ́tà Ìbàdàn Títí Dé Etí Òkun

Ìlú Ìbàdàn kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ a máa dé òkun. Òjò tí ó bá rọ̀ sí Bódìjà, Àgbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge a ṣàn sínú gọ́tà, gọ́tà a gbé e fún odò kéékèèké, odò kéékèèké a sì gbé e fún odò ńlá. Odò Ògùnpa sọ̀kalẹ̀ láti ìhà Bódìjà àti Agodi, ó gba ẹ̀bá Dùgbẹ̀ kọjá, ó sì lọ dàpọ̀ mọ́ Odò Ọ̀nà. Odò Ọ̀nà ní tirẹ̀ kọjú sí gúúsù, ó la Ìpínlẹ̀ Ògùn kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Nítorí náà, ọ̀rá tí a bá jù sí gọ́tà lónìí ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò sí etí òkun. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ọ̀rá náà ń dà lójú ọ̀nà, ibi tí ó ń sá pamọ́ sí, àti ìdí tí ó fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ni èérún ike?

Èérún ike ni ègé ike tàbí ọ̀rá èyíkéyìí tí kò tó mìlímítà 5. Òmíràn tó ìrẹsì, òmíràn kò sì ṣeé fi ojú lásán rí. Ní ọdún 2004, Richard Thompson ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀ etíkun ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gba gbogbo àgbáyé kan.

Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni èérún ike ń gbà jáde ní ìlú bíi tiwa:

- Ọ̀rá piọ wọ́tà, àpò ọ̀rá ọjà àti ike ohun mímu tí oòrùn ti pa títí tí wọ́n fi gbó, tí wọ́n sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.
- Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun tí a fi ń di oúnjẹ, èyí tí kì í pẹ́ rún.
- Fọ́nrán aṣọ tí kì í ṣe òwú, tí ń bọ́ sínú omi nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́.
- Ìyẹ̀fun táyà ọkọ̀, tí ojú pópó ń ha, tí òjò sì ń gbá sí gọ́tà.

Báwo ni ó ṣe ń dé ìsàlẹ̀ odò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbogbo ike ni ó máa ń léfòó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ike tí a fi ń ṣe ìgò ohun mímu àti páìpù omi wúwo ju omi lọ, ègé rẹ̀ a sì rì. Irú èyí tí a fi ń ṣe ọ̀rá piọ wọ́tà fúyẹ́ ju omi lọ, ó sì ń léfòó ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ nínú omi, ewédò yóò hù sí i lára, ẹrẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà yóò sì rì.

Ibi tí omi kò bá ti yára ni ó ti ń rì jù: abẹ́ afárá, kọ́rọ̀ odò, àti ibi tí a ti sé omi. Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí a sé láti ara Odò Ọ̀nà ní ọdún 1942, jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Gbogbo adágún a máa gba ohun tí odò bá gbé wá láti òkè. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sí oòrùn, atẹ́gùn kò sì tó. Ike kì í jẹrà. Erùpẹ̀ tuntun a bò ó, òmíràn a tún bọ́ lé e.

Àgbàrá kì í fọ odò mọ́

Àwọn àgbà ìlú kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni òmíràn tún ṣẹlẹ̀, tí ó gba ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ, tí ó sì wó afárá. Àwọn ènìyàn a máa rò pé irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ ń gbá ìdọ̀tí odò dànù. Ní ti èérún ike, ńṣe ni ó kàn ń ṣí i nípò.

Àwọn onímọ̀ kan yẹ odò mẹ́wàá wò ní àyíká Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú àgbàrá ńlá àti lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, wọ́n ní àgbàrá náà kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 èérún ike tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwọn odò náà lọ. Ọ̀nà òkun ni ó gbé e gbà. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn olùwádìí tí ó yẹ iyanrìn etíkun Èkó wò, ní Ẹlẹ́kọ̀ọ́ àti Oniru pẹ̀lú àwọn ibòmíràn, rí èérún ike níbẹ̀; ọdún 2019 ni ìròyìn wọn jáde.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?

Àwọn aràn inú ẹrẹ̀ ń jẹ èérún yìí, ẹja ń jẹ aràn, àwa sì ń jẹ ẹja. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Netherlands kéde pé àwọn rí èérún ike nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìwádìí ṣì ń lọ lórí ohun tí ó lè ṣe fún ara.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí kò nílò ìwádìí kankan. Ọ̀rá tí yóò di èérún lọ́la ni ó ń dí gọ́tà lónìí. Àwọn baba wa ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Láti ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ti yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún iṣẹ́ àmójútó àgbàrá ní Ìbàdàn. A lè gbẹ́ odò, a sì lè mú un fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ajọ̀ tí a lè fi jọ èérún ike kúrò nínú ẹrẹ̀ odò. Bí a bá kó ẹrẹ̀ náà sí bèbè, òjò yóò tún gbá a padà. Ìgbà tí ọ̀rá ṣì wà lódidi nìkan ni apá wa ká a.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

- Ẹ má ṣe da ilẹ̀ sí ojú àgbàrá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ kó o fún àwọn akólẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí.
- Ẹ ya ike àti ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí ilé ìdáná. Àwọn tí ń ṣa ike ń rà á, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí yóò tún un ṣe.
- Ẹ má ṣe dáná sun ọ̀rá. Èéfín rẹ̀ ń pani lára, ohun tí ó bá ṣẹ́kù yóò sì di èérún.
- Ẹ mú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò aṣọ lọ sí ọjà, ẹ sì mú abọ́ lọ síbi tí ẹ ti ń ra oúnjẹ.
- Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀yin tí ń ta piọ wọ́tà, ẹ gbé ohun ìdalẹ̀sí kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ yín.

Àwọn ará Èkó àti àwọn apẹja ọ̀sà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ju ọ̀rá sí gọ́tà ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni yóò gbà parí. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìsàlẹ̀ odò tiwa ni yóò kọ́kọ́ sùn sí. Ẹ jẹ́ kí a mú un nígbà tí ó ṣì ṣeé mú.